Táyà kẹ̀kẹ́ tó fẹ̀ ní mìlímítà 45 tí mo gbé wọ igbó, gbé sọdá odò, gbé yí dáàmù ká: ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kẹ̀kẹ́. Oṣù keje rèé tí táyà yìí ti wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ mi, mo kàn mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni, torí àwọn tó máa ń ra nǹkan lónìí tí wọ́n á ti fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́, èmi ò mọ nǹkan tí wọ́n ń rí. Táyà ò tíì jẹ òkúta, kò tíì wọ ẹrẹ̀, kò tíì jò mọ́ èèyàn lọ́wọ́ láàárín igbó níbi tí ò sí nẹ́tíwọ̀kì, kí lẹ fẹ́ sọ nípa ẹ̀? Tèmi ti rin nǹkan bíi kìlómítà 1,100. Ó ti gba ọ̀nà igbó táwọn lọ́rì agbégilódò ń tọ̀, ó ti sọdá odò lọ́pọ̀ ìgbà tí mi ò kà mọ́, ó sì ti yí ẹ̀bá adágún dáàmù ká débi pé mo mọ ibi tí kòtò kọ̀ọ̀kan wà.

Táyà gravel ni, ìyẹn táyà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gùn lórí ọ̀nà olókúta wẹ́wẹ́, èyí tí kì í lo túùbù, oje funfun kan lẹ máa dà sínú ẹ̀ dípò túùbù. Wọ́n kọ 45-622 sára ẹ̀. 45 yẹn ni bó ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà, 622 ni ìwọ̀n ibi tó ti jókòó lórí rímù láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, òun náà ni wọ́n ń pè ní 700C. Ẹ má wo 700C nìkan kẹ́ ẹ tó sanwó o, ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú 622, òun ló máa sọ fún yín bóyá táyà á wọ inú fíréèmù yín àbí kò ní wọ̀ ọ́. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tó bá yá. Èmi fúnra mi wọn kílò 81, mo sì máa ń so báàgì kékeré mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí iye atẹ́gùn tí mo máa sọ nísàlẹ̀, tèmi ni, kì í ṣe ti gbogbo ayé.

Táyà 35 ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú túùbù. Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ máa ń gùn ló tì mí débi pé mo pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí ti lé lọ́gọ́ta ọdún, wọn kì í sáré, wọn kì í mí hẹlẹhẹlẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ni mo máa ń rí ṣáá. Lọ́jọ́ kan túùbù mi lu lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí méjì, wọ́n jókòó sórí gẹdú tí wọ́n gé sílẹ̀, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ihò, wọ́n wá ní, "Àbúrò, ṣé kẹ̀kẹ́ lo wá gùn ni àbí iṣẹ́ fọganáísà lo wá kọ́?" Mi ò rí nǹkan sọ. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ra táyà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ máa fi wọ̀ ọ́, ẹ rọra o. Etí táyà yìí le! Mo fi àtàǹpàkò tì í títí àtàǹpàkò méjèèjì fi pọ́n. Téèpù tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ inú rímù kó lè dí ojú ihò sípókù, mo kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ ní wọ́gọwọ̀gọ, ó sì jẹ mí níyà, gbogbo atẹ́gùn tí mo ń fẹ́ sínú ẹ̀ ló ń gba ihò sípókù jáde, ṣììììì, bí ejò. Mo tú u, mo fi sípírítì nu inú rímù, mo jẹ́ kó gbẹ, mo wá fa téèpù tuntun le dáadáa kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí táyà wá jókòó sáàyè ẹ̀, ó dún pá! pá! débi pé ajá sá wọ abẹ́ àga. Ẹ má bẹ̀rù ariwo yẹn, òun gan-an lẹ ń retí. Mìlílítà 60 oje ni mo dà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àbí kí n kúkú sọ òótọ́, 60 sínú táyà, nǹkan bí 20 sórí kápẹ́ẹ̀tì, kò sì tíì kúrò níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nǹkan kan tún wà tó ń kọ àwọn èèyàn lóminú. Wọ́n kọ 45 sára ẹ̀, mo wọ̀n ọ́n, 43 ààbọ̀ ni mo bá. Wọn ò purọ́ o. Bí inú rímù bá ṣe fẹ̀ tó ni táyà á ṣe fẹ̀ tó, rímù tèmi fẹ̀ ní mìlímítà 21 nínú, ẹni tí tiẹ̀ bá jẹ́ 25, táyà kan náà yìí á tóbi ju tèmi lọ lójú ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tó ti na ara díẹ̀, ó di 44. Torí náà tí àyè inú fíréèmù yín bá fún, ẹ má fi nọ́ńbà ara páálí ṣe ìṣirò, ẹrẹ̀ náà nílò àyè tó máa gbà kọjá.

Ó yá, igbó. Inú igbó ni mo ti mọ nǹkan tí mo fowó rà. Ọ̀nà igbó tí mò ń sọ yìí, wọn ò ṣe é torí kẹ̀kẹ́ rárá, torí lọ́rì ni wọ́n ṣe é, wọ́n á da òkúta ńláńlá sílẹ̀, wọ́n á fi kékeré lé e, lọ́rì á wá tẹ̀ ẹ́ títí á fi le. Irú ẹ̀ náà ló wà ní Kielder ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì táwọn oní-gravel ń wọ́ lọ, 1926 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi síbẹ̀ fún gẹdú, igbó ọ̀hún wá gbòòrò títí ilẹ̀ ẹ̀ fi lé ní 600 kìlómítà onígun mẹ́rin, wọ́n tún wá sé odò láàárín ẹ̀, wọ́n ṣí dáàmù yẹn ní 1982. Àwa oní-kẹ̀kẹ́ kàn bá wọn jogún ọ̀nà ni. Ibi tí ìyọnu wà ni ibi tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ da òkúta tuntun sí, tí lọ́rì ò tíì tẹ̀ ẹ́, òkúta ibẹ̀ á mú bí ìgò tó fọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, èmi ọlọ́gbọ́n, mo fẹ́ ẹ dé 50 psi (òun ni wọ́n fi ń díwọ̀n agbára atẹ́gùn inú táyà). Ohun tó mọ́ mi lára láti orí títì ọlọ́dà nìyẹn, mo gbà pé táyà tó le ló ń sáré. Ẹ̀yin èèyàn mi, eyín mi ń gbá ara wọn. Mi ò lè rí ojú ọ̀nà kedere torí ojú mi ń gbọ̀n nínú orí mi. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ bí báàgì mi ṣe ń pariwo lẹ́yìn wọn, wọ́n dúró, wọn ò tiẹ̀ bi mí léèrè, wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi èékánná tẹ fáàfù, atẹ́gùn ń jáde, mo ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ó tó!", wọ́n ní "Kò tíì tó." Wọ́n fi ọwọ́ fún táyà, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tá a fi géèjì wò ó, 30 ni ẹ̀yìn, 27 ni iwájú. Mo gun kẹ̀kẹ́ padà, mo sì rò pé wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀nà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Tí táyà bá le, gbogbo òkúta tẹ́ ẹ bá kọ lù ló máa gbé kẹ̀kẹ́ àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lé e sókè, agbára ẹsẹ̀ tó yẹ kó máa tì yín síwájú, ibi gbígbé sókè yẹn ló ń bá lọ, tó bá ti di ẹgbẹ̀rún òkúta, ó ti rẹ̀ yín nìyẹn láìmọ ohun tó fà á. Tó bá rọ̀ níwọ̀nba, rọ́bà á kàn tẹ̀, á gba òkúta mọ́ra, ẹ̀yin á máa lọ. Ohun tí John Dunlop, dókítà ẹran kan, rí náà nìyẹn ní 1888, ní Belfast, tó fi kó atẹ́gùn sínú rọ́bà fún kẹ̀kẹ́ ọmọ ẹ̀, torí rọ́bà tó le gbagidi ni wọ́n ń gùn nígbà yẹn. Àwa wá ra táyà alátẹ́gùn tán, a tún ń fẹ́ ẹ le padà di ti ayé ijọ́un. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tẹ́ ẹ máa dúró o. Mo dán 22 wò lẹ́yìn nígbà kan, mo gbọ́ "kà!", rímù gbá òkúta, ó sì tẹ̀ wọnú díẹ̀, ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ dòní. Ti ẹ̀yìn ò rọ̀ ju 28 lọ mọ́ lọ́wọ́ mi.

Nípa òkúta tó mú yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí. Mò ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan, mo gbọ́ fíì-fíì-fíì lẹ́yìn mi, nǹkan funfun sì ń ta sí mi lẹ́sẹ̀. Mo dúró. Ihò ọ̀hún tó eyín àgbàdo. Mo yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kí ihò bọ́ sísàlẹ̀ kí oje lè ṣàn lọ bá a, ó ń hó, ó ń hó, hóhòó yẹn wá ń le, ó di bíi gọ́ọ̀mù, ó dákẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo fi géèjì wò ó, ó ti sọ̀ láti 30 sí 24, mo fi pọ́ǹpù ọwọ́ fún un díẹ̀, a sì ń bá tiwa lọ. Ìgbà tó jẹ́ túùbù, màá ti jókòó síbẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Ibí yìí ni táyà yìí ti gba ìràwọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Odò wá ńkọ́? Ibí ni mo ti ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò, àmọ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ti ara mi. Ibì kan wà tí odò gba orí kọnkéré kọjá, omi ò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, ó mọ́ gaara, èèyàn ń rí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká. Èmi ní ṣebí táyà 45 ni mo gbé wá. Mi ò dé àárín. Nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń bo ìsàlẹ̀ omi yẹn yọ̀ ju ẹja àrọ̀ lọ, ẹsẹ̀ iwájú kàn lọ ni, mi ò mọ̀gbà tí mo débẹ̀, mo bá ara mi nínú omi, kẹ̀kẹ́ wà lórí mi. Ẹ̀gbọ́n dúró sódì kejì, wọ́n ní "Ẹ kú ìwẹ̀ o." Kò sí táyà kankan láyé yìí tó máa mú kọnkéré tó ti hu irú nǹkan yẹn dáadáa, ẹ má gbọ́ ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Tí omi bá sì ti ń ṣàn gidi, tó fẹ́ dé orúnkún, ẹ padà lẹ́yìn ẹ̀, omi tó dé orúnkún tó ń sáré lè gbá àgbà lẹ́sẹ̀. Kódà ibi tó bá ṣeé gùn, ẹ má jẹ́ kó bo àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, torí gírísì tó wà níbẹ̀ ni omi á máa fọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti gòkè, ẹ rọra di bíréèkì mú lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó bá òkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ pàdé.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú táyà fúnra ẹ̀, ti ẹrẹ̀ ni. Eyín àárín ẹ̀ kéré, wọ́n sún mọ́ra, ti ẹ̀gbẹ́ ló tóbi. Ìyẹn dáa lórí òkúta, ó ń yọ̀ lọ láìsí ariwo. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ amọ̀ etí odò, áà, tó bá ti wọ àárín eyín yẹn kì í jáde mọ́. Láàárín igba mítà, táyà mi ti di ẹsẹ̀ erin, kò sí eyín tó hàn mọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń yí lójú kan, ẹrẹ̀ wá dí gbogbo àyè tó wà láàárín táyà àti fíréèmù, kẹ̀kẹ́ ò yí mọ́ rárá. Igi ni mo fi ń ha á. Òótọ́ ni pé ẹrẹ̀ ò mojú ẹnì kan, ìdíje kẹ̀kẹ́ Unbound tí wọ́n máa ń ṣe ní Emporia ní ìpínlẹ̀ Kansas látọdún 2006, èyí tó gùn tó máìlì 200, lọ́dún 2023 ẹrẹ̀ ọ̀nà ibẹ̀ mú káwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun pàápàá gbé kẹ̀kẹ́ wọn rìn. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ yìí kọ ọ́ sára páálí pé "fún gbogbo ojú ọ̀nà", wọn ò kọ pé "àfi ẹrẹ̀". Tó bá jẹ́ ibi olómi lẹ máa ń gùn jù, ẹ wá táyà tí eyín ẹ̀ jìnnà síra.

Ibi tó dùn jù, ẹ̀bá dáàmù. Kò sí ibi tí mo fẹ́ràn tó ọ̀nà tó yí adágún ká, torí omi ò mọ òkè, ibi tó bá dúró sí ló tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀nà tó bá sì ń tẹ̀ lé etí omi, kò ní gùnkè púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn ńlá wà níbẹ̀. Adágún tí wọ́n sé kì í rí róbótó, gbogbo àfonífojì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni omi ti wọ̀, ó wá ní apá bí ìka ọwọ́, ẹ á máa wo ibi tẹ́ ẹ ń lọ lódì kejì, kò jù bíi 600 mítà lọ, ọ̀nà á wá gbé yín wọ apá kan lọ, á tún gbé yín jáde, kìlómítà mẹ́sàn-án kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ inú bí mi. Báyìí mo ti fẹ́ràn ẹ̀. Lórí òkúta wẹ́wẹ́ tó ti le yẹn, táyà yìí ń kùn wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń dá orin kọ lábẹ́ ètè, kò fò, kò yà. Níbi tí ọkọ̀ ti sáré gbà kọjá títí ojú ọ̀nà fi di páànù, tó ń lọ tó ń bọ̀ bí òrùlé, táyà 35 mi àtijọ́ á ti gbọ̀n mí títí ìka mi á fi kú, èyí kàn ń gbé mi kọjá ni. Kìlómítà 38 ni mo fi ń yí omi yẹn ká. Táyà àtijọ́, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 52. Èyí, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 47. Kì í ṣe ìwádìí o, afẹ́fẹ́ orí omi lè ti fún mi ní márùn-ún yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ò dùn mí, ìyẹn dá mi lójú. (Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tí ẹrẹ̀ wà lára kẹ̀kẹ́ yín, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ lọ fọ̀ ọ́ nínú adágún, omi táwọn èèyàn ń mu ló wà nínú ọ̀pọ̀ dáàmù.)

Ó wá ku ìdí tí mi ò fi dárúkọ wọn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, táyà ẹ̀yìn ń làágùn. Bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn ló rí, oje ń yọ kínníkínní lára ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tótótó, atẹ́gùn sì ń dín sí 15 kílẹ̀ tó mọ́. Mo kọ̀wé sí wọn, mo fi fọ́tò sí i. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n tó dáhùn, ìdáhùn ọ̀hún ni pé kí n da oje sí i. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, inú sì bí mi. Mo dà á, ó sì dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti iwájú tí mo rà pọ̀ mọ́ ọn nínú páálí kan náà ò làágùn lọ́jọ́ kan, torí náà ẹ má sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ṣe máa ń rí.

Èyí tó dùn mí jù, oṣù kẹrin ló ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gún kékeré, ẹ̀gún tí ò ju abẹ́rẹ́ lọ, ó gún táyà ẹ̀yìn lẹ́bàá dáàmù. Mo yí ihò sísàlẹ̀, mò ń dúró de hóhòó. Kò hó. Mo mi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ létí mi, mi ò gbọ́ kí nǹkan kan mì nínú ẹ̀. Oje ti gbẹ! Ó kù bí awọ tínrín tó lẹ̀ mọ́ inú táyà àti kóró rọ́bà kan báyìí. Oje wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn, oṣù méjì sí mẹ́fà ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó gbẹ, ibi tí ooru bá pọ̀ ó tún ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n fi sínú páálí. Mo ní túùbù kan nínú báàgì fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí etí táyà tí mo ní ó le yẹn, kò jáde. Mo ṣẹ́ igi pílásítíìkì tí wọ́n fi ń ṣí táyà, mo ṣẹ́ èkejì. Kìlómítà mẹ́fà ni mo fẹsẹ̀ rìn, mò ń ti kẹ̀kẹ́, omi tó rẹwà ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò wò ó. Láti ìgbà yẹn, lóṣù méjì-méjì ni mò ń tú fáàfù wò, tí mò ń fi mìlílítà 30 kún un, mo sì ti ra igi ìṣítáyà onírin.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Mo yọ ìdajì fún ẹrẹ̀, mo yọ ìdajì fún ìwé inú páálí. Ẹni tí ò ní géèjì, tí ò sì fẹ́ máa yẹ oje wò, kó má rà á o, kó máa lo túùbù ẹ̀ lọ, inú ẹ̀ á dùn ju tèmi lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lórí òkúta igbó àti etí dáàmù, kó rà á, kó sì fẹ́ ẹ rọ̀ ju bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń sọ fún un lọ.

Eyín àárín ti ẹ̀yìn ti jẹ dé ìdajì báyìí, ti iwájú ṣì dà bí tuntun, mo máa gbé ti iwájú sẹ́yìn, kí n ra ẹyọ kan fún iwájú. Ẹ̀gbọ́n ní tiwọn ti bọ́ sórí 50 lóṣù tó kọjá, wọ́n ní 45 ti tín-ín-rín jù, wọ́n ní "Àbúrò, kí lo ṣì ń dúró ṣe?" Mo ti wọn àyè inú fíréèmù mi lẹ́ẹ̀mejì. Kò ní wọ̀ ọ́.